Ọdún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ adájọ́ kì í ṣe àfiṣòfò fún agbẹjọ́rò tuntun

Bí wọ́n bá ti ṣe ayẹyẹ ìgbàwọlé sẹ́nu iṣẹ́ amòfin tán l'Ábújá, tí ẹbí ti ya fọ́tò pẹ̀lú wíìgì àti gáùn tuntun, ìbéèrè tó kù fún ọmọ náà ni pé níbo ni yóò ti kọ́ṣẹ́ gan-an. Òfin ni wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Iṣẹ́ ṣì kù. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan lọ, wọ́n ń bá ọ̀gá gbé àpò ìwé, wọ́n ń lọ gba ọjọ́ tuntun ní kóòtù tí adájọ́ kò bá jókòó, owó oṣù àwọn mìíràn kò sì tó wọkọ̀ débi iṣẹ́. Àwọn díẹ̀ nínú wọn ń béèrè bóyá ó dáa kí àwọn kọ́kọ́ fi ọdún kan tàbí méjì ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ fún adájọ́. Èsì tiwa ni pé ó dáa, ó dáa púpọ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀nà tí ọmọ tí kò mọ ẹnìkan lè gbà débẹ̀ kò tíì là nílẹ̀ Yorùbá.

Kì í ṣe akọ̀wé kóòtù tó ń ké orúkọ ẹjọ́, tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé, la ń sọ. Agbẹjọ́rò tó ń bá adájọ́ ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ni. Òun ló ń ka ìwé olùpẹjọ́ àti ti olùjẹ́jọ́, tó ń wá ìdájọ́ àtijọ́ tó bá ọ̀rọ̀ náà mu jáde, tó ń kọ ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta nípa ibi tí ìjà náà fì sí, tó sì ń yẹ ìdájọ́ wò kí adájọ́ tó buwọ́ lù ú. Adájọ́ ló ń dájọ́. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kàn ń pèsè ohun tí yóò fi dá a sílẹ̀ fún un ni.

Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti rinlẹ̀ jù. Ní 1882, Horace Gray, ọ̀kan lára àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀, gba ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ òfin jáde ní Harvard, ó sì ń fi owó àpò ara rẹ̀ sanwó fún un. Lónìí, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ náà lè gba amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Mẹ́fà nínú àwọn mẹ́sàn-án ọ̀hún ló ti ṣe iṣẹ́ yìí rí nínú ilé ẹjọ́ kan náà. John Roberts, tó jẹ́ olórí wọn, sìn lábẹ́ William Rehnquist, Rehnquist náà sì ti sìn lábẹ́ Robert Jackson kí òun tó di adájọ́. Elena Kagan sìn lábẹ́ Thurgood Marshall. Ketanji Brown Jackson sìn lábẹ́ Stephen Breyer, nígbà tí Breyer sì fẹ̀yìn tì ní 2022, òun ló jókòó sórí àga rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńláńlá níbẹ̀ ń fi ju 400,000 dọ́là lọ tan ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ wọ̀nyí wọlé, láìtíì ka owó oṣù mọ́ ọn.

Kì í ṣe owó yẹn ló mú wa sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń débẹ̀ ti jẹ́ aṣáájú nínú kíláàsì wọn tẹ́lẹ̀, a ò sì lè sọ pé ọdún kan ọ̀hún nìkan ló sọ wọ́n di èèyàn. Ẹ̀kọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ náà là ń wò.

Àwọn àgbà wa ní, a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ ẹnìkan ni agbẹjọ́rò tuntun ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ ló jàre, gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ kejì bá kọ, irọ́ ni. Bó bá fi ọdún márùn-ún kọ́ṣẹ́ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lọ́dọ̀ adájọ́ ń ka ti ọ̀tún, ó ń ka ti òsì, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú méjèèjì. Ó ń rí agbẹjọ́rò àgbà tó kọ ọgọ́ta ojú ìwé, tó wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbà á là sí ojú ìwé ogójì. Ó ń rí ẹlòmíràn tó kọ mẹ́wàá péré, tí adájọ́ sì ń mi orí bó ti ń kà á. Ó ń rí ìwé ìbúra tí wọ́n kọ kánkán tó sì já nídìí, ẹlẹ́rìí tó dáa tí wọn ò bi léèrè ohun tó yẹ. Ìgbà tí òun náà bá dìde níwájú kóòtù, ó ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí létí ẹni tó jókòó sókè. Ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kò lè kọ́ ọ nírú èyí.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọdún náà yóò mú àwọn pẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹ́. A ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ẹni tó mọ̀ pé ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ owó orí lòun fẹ́ fi jẹun, àǹfààní rẹ̀ fún un kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa dìde ní kóòtù, tàbí tó ń retí àga adájọ́ lọ́jọ́ iwájú, kò pàdánù nǹkan kan. Abala 271 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 béèrè pé kí èèyàn ti di agbẹjọ́rò fún ó kéré tán ọdún mẹ́wàá kó tó lè di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Ọdún tó fi bá adájọ́ ṣiṣẹ́ wà nínú mẹ́wàá ọ̀hún. Ẹ sì jẹ́ ká bi ara wa: níbo làwọn tí à ń yàn sípò adájọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìdájọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, orí àga náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni wọ́n sì fi ń dánra wò.

Aráàlú pàápàá yóò jàǹfààní. Nínú ọ̀pọ̀ kóòtù wa, adájọ́ ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí sílẹ̀, ẹlẹ́rìí á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́ kí kálàmù adájọ́ bá a. Bí kóòtù bá tú, adájọ́ kan náà ni yóò tún lọ wá ìwé, tí yóò kà á, tí yóò kọ ìdájọ́. Abala 294 ní kí ìdájọ́ má kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ti sọ̀rọ̀ ìparí. Ẹnìkan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo èyí, tí fáìlì kún tábìlì rẹ̀ títí dé ilẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ló nílò ká tó máa bá a wí.

Lóòótọ́, àwọn adájọ́ kan lórílẹ̀-èdè yìí, pàápàá lókè ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ní agbẹjọ́rò tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí a ń béèrè ni ètò tó ṣí sílẹ̀ nílé ẹjọ́ gíga gbogbo ìpínlẹ̀ wa, tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, tó sì lówó oṣù. Ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé òfin ilẹ̀ South Africa ní Johannesburg ń ṣe é, ó tiẹ̀ ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Áfíríkà kò lè ṣe é.

Ewu ibẹ̀ kò pa mọ́ sí wa. Àkọ́kọ́ ni “ọmọ ta ni ọ́?” Ní 1960, Felix Frankfurter, adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, kọ̀ láti gba Ruth Bader Ginsburg, tó padà di adájọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé obìnrin ni, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló gba William Coleman ní 1948, ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà nílé ẹjọ́ ọ̀hún. Ọkàn ẹnìkan ṣoṣo ló ṣí ilẹ̀kùn kan, tó sì ti òmíràn. Bí a bá fi yíyàn sílẹ̀ fún ọkàn adájọ́ nìkan níbí, ọmọ ọ̀rẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò kún ọ́fíìsì. Ẹ kéde àyè, ẹ ṣe ìdánwò tí wọn ò ti ní kọ orúkọ sórí ìwé, kí adájọ́ wá yàn nínú àwọn tó yege.

Èkejì ni pé ọmọ tó wà nínú yàrá kan pẹ̀lú alágbára kò lẹ́nu. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàsọ́tọ̀ àti ìfìtínà kò dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sì ti jáde sọ ohun tí ojú wọn rí. Tiwa gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n lè fi ẹjọ́ sùn tí kì í ṣe ọ́fíìsì adájọ́ náà. Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà kò gba amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kúrò láyè láti dá sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹ mú òfin náà bó ṣe wà.

Ẹ̀yin adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, ẹ má dúró de owó ńlá. Àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ agbẹjọ́rò kún ìpínlẹ̀ yín lọ́dọọdún, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń jókòó lásán ní ọ́fíìsì tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹ bá àjọ NYSC sọ̀rọ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi owó díẹ̀ kún owó oṣù wọn, kí adájọ́ mẹ́wàá tó bá fẹ́ gbà wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ka iye ìdájọ́ tó jáde láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ nínú kóòtù mẹ́wàá yẹn, kí ẹ sì gbé e jáde fún aráàlú.