Agbowó-orí mi tún kú sẹ́nu ihò gọ́tà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá Majesty, géèmù kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń jọba ṣùgbọ́n tí àwọn akọni rẹ̀ kì í gba àṣẹ, àfi kó fi owó fà wọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ó ti sú mi, ó ti tó gẹ́ẹ́. Aago méjì òru ku díẹ̀ lánàá ni agbowó-orí mi kú. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ti àná yìí dùn mí wọ egungun.

Deal with the Demon, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ inú géèmù náà, ni mò ń gbá. Ẹ kúkú mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ànjọ̀nnú fẹ́ gba wúrà 100,000, ọjọ́ ń lọ, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí àfikún ọjọ́. Láti alẹ́ ni mo ti jókòó tì í. Wúrà tó bá ti ń wọ ààfin, bí ẹni ń ka owó àjọ ni mò ń kà á. Nígbà tí ó fi máa di òru, ohun tó wà nílẹ̀ ti lé ní 96,000. Mo ti ń sọ fún ara mi pé lálẹ́ yìí, mo bọ́.

Agbowó-orí jáde. Ó dé ọjà, ó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó ya ilé àwọn ará ìlú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dé ilé ẹgbẹ́ jagunjagun méjèèjì, ó ṣẹ́rí padà. Mo tẹ̀ ẹ́ láti wo ohun tó gbé: 1,740. Ọkùnrin yìí ń dá bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, owó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó sìn ín. Ó kù bí ìṣísẹ̀ mélòó kan kó kọjá ihò gọ́tà. Eku ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan yọ.

Ẹyọ kan! Bó bá jẹ́ pé drágónì ni, ẹnu mi ì bá gbà á. Eku kan ṣoṣo ni, èyí tí jagunjagun tó ti gòkè dé ipele kẹsàn-án máa fi idà ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì pa. Jagunjagun mẹ́jọ ni mo ní, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo fi wúrà gbà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n wà? Mẹ́ta wà nínú ilé wọn, wọ́n ń sinmi. Méjì wà lọ́jà, wọ́n ń ra oògùn ìwòsàn. Lọ́jà tí ihò gọ́tà yẹn wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀! Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn méjì yẹn wà lọ́jà, ọkùnrin náà ń sá, eku ń lé e, wọ́n ń ra oògùn. Ọdẹ kan tilẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tòun ti ọrun lọ́wọ́, ó ń lọ wo igbó tí a ti mọ gbogbo inú rẹ̀ láti ọjọ́ kẹta. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì.

Mo ta àsíà sórí eku náà kíá, ìyẹn àmì owó tí akọni tó bá pa á máa gbà. Wúrà 100. Kò sẹ́ni tó mira. Mo sọ ọ́ di 200, di 300, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí mọ́ọ̀sì. 500! Eku ni mo dá 500 lé lórí, ẹ̀yin èèyàn mi. Jàgùdà kan nínú àwọn akọni mi ló gbọ́ òórùn owó, ìyẹn sì wà ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún. Ó ń sáré bọ̀. Mò ń pariwo mọ́ ọn lójú kọ̀ǹpútà títí àbúrò mi fi jí. Ó ní, “Bùrọ̀dá mi, kí ló dé?” Mi ò dá a lóhùn.

Agbowó-orí ṣubú. 1,740 lọ.

Ìgbà tí ó ti kú tán ni jàgùdà dé. Ó pa eku náà, ó gba 500 mi, ó fi sápò, ó sì gba ọjà lọ. Mo pàdánù ẹni, mo pàdánù owó orí, mo tún san owó iṣẹ́ fún ẹni tí kò bá iṣẹ́.

Ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n sán ààrá pa eku náà. Ààrá àwọn oṣó kò kọjá àyíká ilé ẹgbẹ́ wọn, ilé ẹgbẹ́ wọn sì wà ní òdìkejì ìlú. Ilé ìṣọ́ àwọn oṣó tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kí ààrá lè débẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ fún un ni àwọn ará ìlú kọ́lé sí fúnra wọn! Ta ló fún wọn nílẹ̀? Ọba ò mọ̀, ọba ò fọwọ́ sí i, ilé ti yọ bí olú. Gbogbo ìgbà ni. O máa ṣètò ìlú rẹ dáadáa, o máa ṣíjú kúrò ní ìṣẹ́jú kan, ahéré mẹ́ta ti jókòó sí ibi tí ó dára jù lọ. Ihò gọ́tà náà tún ńkọ́? Bí ìlú bá ti ń gbòòrò ló ń yọ, kò ju ibi tí èèyàn pọ̀ sí lọ. Itẹ́ òkú náà bẹ́ẹ̀. Akọni bá kú, itẹ́ òkú dé, òkú á máa jí jáde nínú rẹ̀ láti wá pa àwọn tó kù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní owó tí jàgùdà gbà yẹn kò sọnù, ọjà ló máa ná an, owó orí á sì gbà á padà. Mo gbọ́. Ta ló máa lọ gbà á? Ṣé kì í ṣe agbowó-orí mìíràn ni, tí yóò tún gba ọ̀nà kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan náà?

Nígbà tí ọjọ́ pé, 98,870 ló wà nílẹ̀. Ohun tó dín jẹ́ 1,130. Ẹ ro ó pọ̀ fúnra yín, 1,740 àti 500. Ànjọ̀nnú ò gba àlàyé. Gbogbo alẹ́ mi lọ báyẹn.

Àbúrò mi ní kí n máa gbá èyí tí ọmọ ogun ń gbọ́ràn. Òótọ́ ni pé wọ́n wà. Warcraft ti wà láti 1994, Age of Empires láti 1997. Mú ọmọ ogun, tẹ ibi tí o fẹ́ kó lọ, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìyẹn. Mo fẹ́ràn Ardania, ilẹ̀ ọba inú Majesty. Mo fẹ́ràn pé akọni kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀, pé oṣó tí kò lè gba ìgbájú kan lónìí lè di ẹni tí gbogbo ìlú sá tẹ̀lé lọ́la. Ìdí tó fi ń dùn mí nìyẹn. Ọdún 2000 ni wọ́n gbé géèmù yìí jáde. Àfikún rẹ̀, The Northern Expansion, dé ní 2001, ilẹ̀ yìnyín dé, ẹranko tuntun dé, agbowó-orí ṣì ń dá rìn. Ó di 2009, nígbà tí Majesty 2 dé, kí a tó rí àsíà ìdáàbòbò. Èmi tí mo ṣì ń gbá ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Àsíà ìkọlù àti àsíà ìwákiri náà ni mo ní. Mo lè sanwó kí wọ́n pa nǹkan, mo lè sanwó kí wọ́n wá nǹkan rí, mi ò lè sanwó kí wọ́n dúró ti ẹnì kan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tún inú géèmù ṣe, iṣẹ́ yín rèé. Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Bí agbowó-orí bá figbe ta, kí ẹni tó bá wà lọ́jà jáde. Kò gbọdọ̀ já sí owó. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ bá mi dí ihò gọ́tà yẹn pa kó tó di alẹ́ òní, torí mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.