Ìdá 90 tí ẹ̀rọ gáàsì inú ilé fi ń fọ́nnu

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ gáàsì tó ń pèsè iná mànàmáná àti ooru pọ̀ nínú ilé ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í yé tẹnu mọ́. Wọ́n á ní ilé iṣẹ́ mànàmáná ńlá ń fi nǹkan bí ìdajì gáàsì ṣòfò, pé ṣe ni ooru rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ, nígbà tí ẹ̀rọ kékeré inú ilé ń lo ìdá 90 nínú 100. Wọ́n á wá parí ẹ̀ sí pé kò sọ́nà mìíràn tí èèyàn lè gbà lo gáàsì tó mọ́ tó ìyẹn.

Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń lo ẹ́ńjìnnì Stirling, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ilé ìdáná bíi bọ́ílà lásán. Ìta ẹ́ńjìnnì yìí ni gáàsì ti ń jó. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀ á gbóná, á fẹ̀, á tutù, á sún kì, písítìnì á sì máa lọ, á máa bọ̀. Ká ní agbára tó wà nínú gáàsì tó jó níbẹ̀ jẹ́ 100, nǹkan bí 10 sí 15 péré nínú ẹ̀ ló ń di iná mànàmáná. Bíi 75 sí 80 di omi gbígbóná. Wọ́n ro méjèèjì pọ̀, wọ́n pè é ní 90. Ẹni tó ní màlúù 15 àti adìẹ 75 kò kúkú parọ́ bó bá ní òun ní ẹran ọ̀sìn 90, àmọ́ ẹ ò ní bá a dúnàádúrà bí ẹni pé màlúù ni gbogbo ẹ̀.

Iná mànàmáná lè yí fáànù, ó lè gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ó sì lè di ooru nígbàkúùgbà tá a bá fẹ́. Omi gbígbóná ò ní irú agbára yẹn. Bí ooru bá wà ní 60°C, tí ìta wà ní 10°C, òfin físíìsì ò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kankan, bó ti wù kó dáa tó, rí ju 15 fà yọ nínú ooru 100.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ mú gáàsì 100 kan náà lọ sí ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ní tọ́báìnì méjì: gáàsì ń yí ìkíní, ooru tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ń sọ omi di oru tó ń yí ìkejì. Àwọn tó dáa jù nínú wọn ń kọjá ìdá 60. Ẹ jẹ́ ká fi í sí 55. Ká yọ ohun tí wáyà ń jẹ lójú ọ̀nà, ó ku 52. Ẹ fi 15 tan iná ilé, bí ẹ̀rọ Stirling yẹn ì bá ti ṣe. Ẹ fún heat pump ní 37 tó kù. Bíi fíríìjì tí wọ́n dojú ẹ̀ kọ ẹ̀yìn ni heat pump ń ṣiṣẹ́: ó ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ ìta wọlé, iná kan tó bá jẹ, ó lè gbé ooru bíi mẹ́ta wá. 37 lọ́nà mẹ́ta, 111 nìyẹn. Iná 15 ni ọ̀nà méjèèjì fún wa, ṣùgbọ́n ọ̀kan fún wa ní ooru 75, èkejì fún wa ní 111. Ibo wá ni òfò tí wọ́n ń pariwo wà?

Ká má ṣe ojúsàájú o. Ẹ̀rọ tó ń lo fuel cell, irú Ene-Farm tí wọ́n ń tà ní Japan láti 2009, kì í ṣe ẹgbẹ́ Stirling. Ó ń yọ háídírójìn nínú gáàsì, ó ń pa á pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, iná á sì jáde láìsí písítìnì kankan. Èyí lè mú iná 40 àti ooru 50 wá. Tí ẹ bá yọ 40 nínú 52 yẹn, 12 ló kù fún heat pump, ooru 36 ló máa gbé wá. Fuel cell borí níbí. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ta ẹ̀rọ yìí fún yín, ẹ pa ìdá 90 tì, kí ẹ bi í pé mélòó nínú ẹ̀ ló jẹ́ iná mànàmáná.

Gbogbo ìṣirò wọ̀nyí, gáàsì la fi ń wé gáàsì. Kílówáàtì-wákàtí gáàsì kan tó bá jó ń tú CO2, èéfín tó ń mú ayé gbóná, bíi 200 gíráàmù jáde, ilé ni o, ilé iṣẹ́ ni o. Níbi tí èédú ti ń pèsè iná, ẹ̀rọ inú ilé máa dín èéfín kù gan-an. Níbi tí omi, oòrùn àti atẹ́gùn ti ń pèsè iná, ṣe ló máa fi kún èéfín náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì gbé kọ́ ògiri lónìí máa wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ó lé, gáàsì náà ni yóò máa jẹ, bí iná ìlú tiẹ̀ ń mọ́ sí i lọ́dọọdún. Mi ò tíì ka methane, ohun tó pọ̀ jù nínú gáàsì yìí, tó ń jò lójú páìpù: láàárín 20 ọdún, ó ń mú ayé gbóná tó ìlọ́po 80 CO2 tí ìwọ̀n wọn dọ́gba.

Àǹfààní kan wà tí mo rò pé ó tọ́ sí i, àwọn tó ń tà á kì í sì sábà sọ ọ́. Alẹ́ ìgbà òtútù, tí oòrùn ti wọ̀, tí heat pump gbogbo àdúgbò ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń mú iná jáde, torí pé ìgbà yẹn ni ilé nílò ooru. Nígbà ooru ńkọ́? Ta ló fẹ́ omi gbígbóná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Nínú ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń lo omi gbígbóná tọ̀sán-tòru láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, ẹ́ńjìnnì tó tóbi, tó ń mú iná 35 sí 40 jáde nínú 100, lè máa ṣiṣẹ́ yípo ọdún láìda ooru nù. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin ò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un.