Aáyù kì í fọ iṣan ẹ̀jẹ̀ o, ẹ má tìtorí ẹ̀ pa tábúlẹ́ẹ̀tì yín tì

Mo yà kí àǹtí mi ní ọjà Olúwo n'Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹja ni wọ́n ń tà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣí kúlà wọn báyìí ni mo rí ìgò oníke kan láàárín ọ̀bọ̀kún àti áìsì, omi inú ẹ̀ pọ́n díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sílẹ̀ sísàlẹ̀, òórùn aáyù sì bo ti ẹja mọ́lẹ̀. Aáyù, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n lọ̀ pọ̀. Mo ní "Àǹtí, tábúlẹ́ẹ̀tì kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí dókítà kọ fún yín ńkọ́?" Wọ́n ní àwọn ti pa á tì láti bí oṣù mẹ́ta, pé èyí ń fọ gbogbo ọ̀rá inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dànù, àti pé kì í ṣe kẹ́míkà. Àyà mi já.

Mo mọ̀ pé ire ni ẹni tó júwe ẹ̀ fún wọn ń fẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "fọ̀" yẹn gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. A rò pé iṣan ẹ̀jẹ̀ dà bíi páìpù tí ọ̀rá dì sínú ẹ̀, tá a bá ti da nǹkan kíkan sí i á ṣí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ara ògiri iṣan ni ọ̀rá yẹn wọ̀ sí, bí ìgbà tí omi bá wọ ara ògiri ilé tó wá ń wú síta, ẹ nu ojú ògiri náà títí, kò ní kan ibi tí omi wà. Ara wa fúnra ẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó tín-ín-rín tí kì í jẹ ọ̀rá fi lè ní in lápọ̀jù. Iṣẹ́ státìn, ìyẹn irú tábúlẹ́ẹ̀tì kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí dókítà sábà máa ń kọ, ni pé ó ń dín èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, ẹ̀dọ̀ á wá máa fa èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra.

Wọ́n sì ti dán aáyù wò dáadáa. Lọ́dún 2007, ní Stanford l'Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn 192 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní aáyù tútù, àwọn míì ní aáyù tí wọ́n ṣe bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, fún oṣù mẹ́fà, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú wọn, ìyẹn èyí tó ń wọ ara ògiri iṣan, ò yí padà. Lọ́dún 2022 wọ́n tún fi aáyù, atalẹ̀ pupa, sínámọ́ònù, òróró ẹja àtàwọn míì wé rosuvastatin, ọ̀kan lára àwọn státìn, kékeré, 5 mg péré, fún ọjọ́ 28. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn já kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú wálẹ̀ ní nǹkan bíi 38%, kò sí ìkankan nínú àwọn yòókù tó ṣe ju tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ní òògùn nínú lọ.

Ẹni tó bá sì ní kẹ́míkà òyìnbó lásán ni státìn, ara nǹkan tó ń hù bíi ti búrẹ́dì tó bu ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Akira Endo, ti kọ́kọ́ rí i ní Japan láàárín ọdún 1970 sí 1979.

Bó bá jẹ́ pé ẹran ara ló ń ro yín tẹ́ ẹ bá lo státìn, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dákẹ́ dá a dúró. Ó lè dín in kù, ó lè pààrọ̀ ẹ̀, òògùn míì tí kì í ṣe státìn wà, bí ezetimibe àti bempedoic acid. Ẹ tún sọ fún un tẹ́ ẹ bá ń jẹ gireepu (grapefruit, èyí tó dà bí ọsàn ńlá), torí ó máa ń jẹ́ kí àwọn státìn bíi simvastatin àti atorvastatin pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn èèyàn wa sì ń jẹ ẹ́ gan-an pé ó ń yọ́ ọ̀rá.

Oúnjẹ ń ṣiṣẹ́ o, mi ò ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀wà àti óòtì ń dín in kù díẹ̀, kẹ́ ẹ dín epo pupa kù torí bí ìdajì ẹ̀ ni irú ọ̀rá tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sókè, kẹ́ ẹ máa rìn, kẹ́ ẹ fi sìgá sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa yẹ bípíì yín wò. Ẹ̀gbẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Àǹtí mi ti gbà, ọjọ́ Ajé la jọ ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò. Wọ́n bi mí pé kí àwọn wá ṣe ìgò yẹn báwo, mo ní kí wọ́n fi se ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún.