Kòkòrò Tí Ará Ilé Ń Jẹ

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ti ń ta ẹja kí wọ́n tó bí mi. Àrọ̀, ẹ̀pìyà, ọ̀bọ̀kún, ohun tí àwọn apẹja bá ti kó bọ̀ láti ojú ọ̀sà láàárọ̀ ló ń tà. Àwọn bíi méjìlélógún ló ń dá àjọ iléyá pọ̀ níbẹ̀, ìyá alájọ kan ló sì ń kó owó náà pa mọ́. Inú ìwé kan tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé ló ń kọ ọ́ sí. Abẹ́ àtẹ rẹ̀ ni ìwé yẹn ń gbé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣí i wò. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á ní ó fẹ́ da ẹgbẹ́ rú. Ìyá mi mọ̀ pé ìyá alájọ ti ń mú nínú owó náà fún ọkọ rẹ̀ láti fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó kàn dákẹ́ ni. "Kí n má lọ fi ẹnu mi wá ọ̀tá." Iléyá dé, owó ò pé. Àwọn kan kò rí àgbò rà, àwọn tó jẹ gbèsè ẹja ń sá fún apẹja. Ní ilé tiwa, ìyá mi jókòó sínú òkùnkùn, ó ń ka owó tí kò sí lọ́wọ́, ó ń mí kanlẹ̀.

Ìyá àgbà ló pa òwe náà fún un lóru ọjọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ kò sì le: "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru."

A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé àánú ẹni tó ń jẹ kòkòrò ló ń ṣe wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òwe náà kò fi ìnira ikùn rẹ̀ ṣe ẹjọ́ rárá, oorun tiwa ló ń jà fún. Ẹ sì wo "tètè" tí àwọn àgbà ki bọ̀ ọ́ láàárín. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí hẹ̀rẹ̀hùrù bẹ̀rẹ̀, àìsùn ló kù fún un.

Ohun tí à ń pè ní ìjọba tiwa-n-tiwa, lójú tèmi, òwe yìí náà ni wọ́n sọ di òfin. Kí ẹnu wà tó lè sọ fún un. Kí adájọ́ wà tí kò ní jẹ́ kí wọ́n ti ẹni tó sọ ọ́ mọ́lé. Kí ọjọ́ kan sì wà tí a lè gba àwo lọ́wọ́ olùjẹun láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kò ṣèlérí pé ẹni rere la ó máa yàn. Ìyá alájọ yẹn gan-an, èèyàn rere ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa ará Ẹ̀pẹ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ fi ogun gba adé Èkó lọ́wọ́ Akitóyè, àbúrò bàbá rẹ̀. Akitóyè náà wá òyìnbó lọ. Ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da àgbá bo Èkó, Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì gba ojú ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́. Dídé wọn yẹn ni àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn àtọmọdọ́mọ wọn, ń fi ọdún Káyókáyó ṣèrántí títí dòní. Òótọ́ ni pé òwò ẹrú wà nínú ẹjọ́ náà, òun sì ni òyìnbó dì mú. Àmọ́ ìjà ẹbí ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní 1861, òyìnbó gba Èkó pátápátá. Dòsùnmú tó fọwọ́ síwèé fún wọn, ọmọ Akitóyè tó pè wọ́n wá ni.

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n òyìnbó ni kí á máa sọ fún ọba, kó béèrè wò ní Ọ̀yọ́ ilé. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè àgbà, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kìlọ̀ fún Aláàfin. Bó bá kọtí ikún, Baṣọ̀run, olórí wọn, á gbé igbá síwájú rẹ̀, ọba á sì mọ̀ pé ikú ló kù. Ìgbà tó wá di pé Baṣọ̀run Gáà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ kòkòrò ńkọ́? Tó ń fi ọba jẹ, tó tún ń pa ọba? Kò sẹ́ni tó lè wí fún un, àfi ìgbà tí Abíọ́dún ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, ikú rẹ̀ ló sì di òwe: bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Ibi tí ìbò ti sàn ju igbá lọ nìyẹn. Ẹni tí igbá bá kàn, ọ̀run ló ń lọ, ẹni tí ìbò bá lé, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2015, Goodluck Jonathan tẹ Buhari láago, ó kí i kú oríire. A sùn lóru ọjọ́ náà.

Buhari kan náà ni, nígbà tó jẹ́ ológun ní 1984, tí ìjọba rẹ̀ gbé Òfin Kẹrin jáde. Akọ̀ròyìn tó bá kọ ohun tó dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba á ṣẹ̀wọ̀n, ì báà jẹ́ òótọ́ ló kọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni wọ́n dá fún Tunde Thompson àti Nduka Irabor nítorí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ológun mìíràn wọ́gi lé ìbò tí Abíọ́lá wọlé. Nígbà tí Abíọ́lá máa jáde sọ pé òun ni wọ́n dìbò yàn, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló dúró sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́ tó ti Ẹ̀pẹ́ padà sílé ní 1862 ló tẹ ibẹ̀ dó. Orí ìjà ta-ni-yóò-jọba ni àdúgbò yẹn ti rí orúkọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n tún ti jà á. Abíọ́lá kú sí àhámọ́ ní oṣù Keje 1998.

Ayé ti wá lu jára báyìí, "ará ilé" inú òwe náà sì ti pọ̀ sí i. Ní ìparí 2019, dókítà ojú kan ní Wuhan, Li Wenliang, kìlọ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé àrùn kan ti wọ̀lú. Ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè é, wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé pé irọ́ ló pa. Ní oṣù Kejì 2020, àrùn náà, Kòrónà, pa òun alára. Nígbà tó fi di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ìjọba ti ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé, àwọn oníbàárà tó ń wakọ̀ wá láti Lẹ́kí àti Àjà kò yọjú sí Olúwo mọ́, ẹja ń bàjẹ́ sínú bàsíà. Wuhan jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò jìnnà.

Mi ò ní purọ́: òmìnira kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ni àrùn yẹn pa ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka òkú wọn ní gbangba, wọ́n ń bá ààrẹ wọn wí lójú ayé, wọ́n sì fi ìbò yọ ọ́ lọ́dún yẹn náà. Bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí, tí kọ̀ǹpútà sì ń kọ́ bí a ṣe ń ronú, àṣìṣe tó ń bọ̀ lè má fún ayé láyè láti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú tí ẹnu ti ń bẹ ni yóò tètè gbọ́.

Àwọn tó sì ń sọ pé ebi ń pa àwọn, kí ni àwọn fẹ́ fi ìbò ṣe, mi ò lè bá wọn jà. Ní 2023, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló forúkọ sílẹ̀, àwọn tó jáde dìbò ààrẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tí mo lè sọ ni pé "dìbò kóo sebẹ̀" kì í ṣe oúnjẹ, iye owó ẹnu wa ni. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sòdodo.

Lẹ́yìn iléyá yẹn, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ìyá alájọ. Wọ́n ní kó máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, wọn ò lé e lọ́jà. Mo gba Olúwo kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ. Orí tábìlì ni ìwé àjọ wà báyìí, wọ́n gbé òkúta lé e nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ìyá náà ti darúgbó. Ó nu ìpẹ́ ẹja kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé òkúta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ wá sílẹ̀.

"Ta ló kọ ẹgbẹ̀rún méjì mi ní ẹgbẹ̀rún kan?" ó figbe ta.

Ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé náà sáré wá. "Ẹ má bínú, mà," ó ní, ó sì fa bírò yọ.