Ajá tó ń fa okùn kò du ipò ọ̀gá mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Gwarinpa, ajá mi, Tanímọ̀la, wọ́ mi kọjá ilé mẹ́ta gbáko. Sílípáàsì mi kan kù sẹ́yìn lẹ́bàá gọ́tà. Bàbá kan tó ń gba atẹ́gùn níwájú géètì rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ké sí mi pé: “Ìyàwó, ajá yẹn ti di ọkọ ẹ o! Fa ṣéènì yẹn gìrì, kó mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá.” Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Mo fà á gìrì lóòótọ́. Tanímọ̀la wúkọ́, ó gbọn orí, ó sì tún kọjú síwájú, ó ń fà.

Bàbá yẹn kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tó ta ajá fún wa ní Kubwa sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó ń sin ajá ńlá Boerboel méjì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ajá tó bá ṣáájú olówó rẹ̀ lójú ọ̀nà, ipò ló ń dù, àti pé bí wọn ò bá tètè fi ṣéènì kọ́ ọ lọ́gbọ́n, bó pẹ́ bó yá, á yíjú sí wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó tó ọdún kan tí èmi náà fi gbà á gbọ́, nítorí náà mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ní orírun. Lọ́dún 1947, Rudolf Schenkel, onímọ̀ ẹranko kan, kọ ohun tó rí lára àwọn ìkookò inú ọgbà ẹranko ní Basel, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Ìkookò àhámọ́ ni wọ́n, ìjà ìwọ-ta-ni-èmi-ta-ni sì pọ̀ láàárín wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ kó èèyàn mẹ́wàá tí wọn ò bára wọn tan sí yàrá kan, kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa du bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó di 1970, David Mech, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ “alpha”, ìyẹn ọ̀gá agbo, sínú ìwé tó kọ nípa ìkookò, ọ̀rọ̀ náà sì ràn bí iná ọyẹ́. Àmọ́ Mech yìí kan náà lọ sí erékùṣù Ellesmere ní Kánádà, ibi tí ìkookò ti ń gbé ìgbé ayé ara wọn láìsí ọgbà, ó ń ṣọ́ wọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 13. Bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ ló rí. Ẹni tí wọ́n ń pè lọ́gàá, òbí lásán ni. Ó kọ ọ́ jáde lọ́dún 1999 láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n irọ́ ti rìn jìnnà kí òótọ́ tó wọ bàtà. Ká má tiẹ̀ sọ pé ajá kì í ṣe ìkookò, ó ti lé ní 10,000 ọdún tó ti ń bá èèyàn gbé.

Kí ló wá ń mú un fà? Mégàdì wa, ọmọ Katsina, ló kọ́kọ́ là mí lóye. Ó ti ń wò wá láti orí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ní, “Mádàámú, nama ló ń lé, kì í ṣe yín.” Ẹran ni nama lédè Hausa. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Tanímọ̀la. Ó rí gọ́tà, ó fà, mo tẹ̀ lé e, imú rẹ̀ dé gọ́tà. Èéfín onísúyà kọ lu imú rẹ̀ ní jáńṣọ̀n, ó fà, mo tẹ̀ lé e, a dé ọ̀dọ̀ onísúyà. Owó iṣẹ́ ni mò ń san fún un láìmọ̀. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé tẹ̀ lé okùn tó le, mo ti sọ fún un pé fífà ni mọ́tò tó ń gbé wa dé ibi tó ń lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì ní, ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ méjì á máa sú u.

Fífa ṣéènì gìrì wá ńkọ́? Ọ̀nà ọ̀fun ló ń fìyà jẹ. Lọ́dún 2006, àwọn dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà wọn agbára omi inú ẹyinjú ajá: bí ajá bá ń fà mọ́ okùn ọrùn, agbára náà ń lọ sókè, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bẹ́líìtì tó gba àyà, kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn mí jù tún wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa. Tanímọ̀la á fẹ́ lọ kí i, èmi á sì fa ṣéènì gìrì. Láàárín oṣù méjì, bó bá ti rí kẹ̀kẹ́ báyìí, gbígbó ló kù. Ó ti so kẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ ìrora ọrùn. Ọwọ́ mi ni mo fi sọ ajá tó fẹ́ ṣeré di ọ̀tá ọlọ́mọ.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Fèrè ni wọ́n wí o. Ta ló dárúkọ ṣéènì?

Ohun tí mo wá ń ṣe kò le, sùúrù ló gbà. Bí okùn bá ti le, mo dúró gbagidi bí òpó iná. Mi ò fà, mi ò sọ̀rọ̀, mi ò sì bínú. Nígbà tó bá wẹ̀yìn, tí okùn dẹ̀ bí okùn tí a sá aṣọ tútù sí, a tún máa lọ. Bó bá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, mo fún un ní ẹ̀dọ̀ sísè tí mo gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Kò gbọ́dọ̀ sí àlùbọ́sà níbẹ̀, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìdí nìyẹn tí súyà kì í fi í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Inú kọ̀ǹpáùndì la ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a jáde, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la ò fi kọjá ilé kejì, bàbá yẹn sì rí ẹ̀rín rín. Láàárọ̀ kùtù la máa ń lọ, torí ọ̀dà títì Àbújá lóṣù Kẹta ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, kí ẹ kà dé 7; bí ẹ ò bá lè fara dà á, ẹ padà sílé.

Ọkọ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ní Sátidé, á jẹ́ kó fa òun, á ní ó ti rẹ òun láti dúró. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó jẹ lọ́tò lẹ́ẹ̀kan nínú ogún kì í jáwọ́ nínú lọ́tò.

Ní ti ohun èlò, okùn tó ń yọ gùn bíi téèpù télọ̀ kò dára fún ẹ̀kọ́ yìí, torí ó máa ń le ní gbogbo ìgbà. Bẹ́líìtì tó ní òrùka níwájú àyà dára: bí ajá bá fà, á yí i padà sí yín. Èyí tó ní òrùka lẹ́yìn kì í dá fífà dúró. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń dè mọ́ ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá yẹn dá wa dúró. “Ìyàwó, kí lo ń fún un jẹ?” Mo ní, “Ẹ̀dọ̀ ni, sà.” Ó wo ajá, ó wo mí: “Ẹ̀dọ̀ tí dókítà ní kí èmi má jẹ mọ́!” Ọ̀dọ̀ onísúyà nìkan ló kù tí Tanímọ̀la ò tíì borí. Títì kejì là ń gbà.