Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ kan lórí kíláàsì Security+

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. A rí ohun tí ẹ kọ lórí kíláàsì wa fún Security+, ìyẹn ìdánwò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà tí àjọ CompTIA ń ṣe, a sì dúpẹ́ pé ẹ ráyè kọ ọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kà á, pàápàá àwọn tó fẹ́ fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ bọ́ sídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbọ́ tẹnu tiwa náà. Ẹ ní a fi àkókò yín ṣòfò. Ẹ ní ohun tí tíṣà wa ń kọ́ yín kò bá ìwé yín mu. Ẹ ní a fi ìbéèrè ìdánwò pamọ́ fún yín, ẹ gba 731 ẹ sì fìdí rẹmi, àti pé a kò wá iṣẹ́ fún yín. Ẹ tún ní akọ̀wé wa rí yín fín. Ti akọ̀wé yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí ọmọ náà kò lè dá yín lóhùn fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024, CISSP, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, lẹ ní ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ ti gbọ́ níbì kan pé owó oṣù àwọn tó ní in ga. Akọ̀wé wa kò sọ pé ọpọlọ yín kò gbé e. Ohun tó sọ, tó sì wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, ni pé ISC2 tó ni ìwé ẹ̀rí náà ń béèrè ìrírí ọdún márùn-ún nídìí iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, nínú ó kéré tán méjì lára ẹ̀ka mẹ́jọ tí wọ́n là sílẹ̀. Oyè yunifásítì tàbí ìwé ẹ̀rí mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí lè yọ ọdún kan kúrò níbẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní ìrírí lè ṣe ìdánwò náà o, àmọ́ bó bá yege, Associate ni wọn yóò máa pè é, yóò sì ní ọdún mẹ́fà láti fi kó ìrírí náà jọ. Ẹ fèsì pé ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ ńlá. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó kọ́ ni ISC2 ń kà, àwa kọ́ la sì ṣòfin náà. Bó bá jẹ́ owó yín nìkan là ń wá, à bá ti gbà á lọ́jọ́ náà, torí kíláàsì CISSP ló wọ́n jù lọ lára gbogbo ohun tí a ń kọ́.

Èmi tí mo ni ibẹ̀ pè yín wọ ọ́fíìsì. Mo ní kí ẹ wo CISA, ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ ISACA ń fúnni, torí àyẹ̀wò owó tí ẹ ti ṣe rí kò jìnnà sí i. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọdún kan nídìí àyẹ̀wò owó lè dípò ọdún kan nínú rẹ̀, ẹ sì lè kọ́kọ́ yege ìdánwò ná, kí ẹ wá béèrè fún ìwé ẹ̀rí náà láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ ní iṣẹ́ àyẹ̀wò owó gan-an lẹ ń sá fún. Ó dáa. Mo ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí A+, ìwé ẹ̀rí ìpìlẹ̀ ti CompTIA, ẹ ní ti àwọn ọmọdé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nìyẹn. Mo ní Network+, ìwé ẹ̀rí wọn lórí nẹ́tíwọ̀kì, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń so mọ́ra, ńkọ́, ẹ ní kò pọn dandan. Lóòótọ́ ni, kò pọn dandan, CompTIA kì í lé ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọ̀nà Security+. Àmọ́ àwọn fúnra wọn dámọ̀ràn pé kéèyàn ti ní Network+ àti ìrírí bí ọdún méjì kó tó wá. Kò sí ìkankan nínú èyí nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ fáyé kà.

Torí pé ẹ fo Network+ yìí ni tíṣà ṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ “ka nọ́ńbà” fún yín, bí ẹ ṣe pè é. Nọ́ńbà wo? Nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọ kọ̀ǹpútà ni: 22 tí SSH, tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, ń gbà kọjá, 53 ti DNS tó ń wá àdírẹ́sì ìkànnì, 443 ti HTTPS tí ìkànnì aláàbò ń lò, 3389 tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà Windows láti òkèèrè. Tíṣà náà ti ṣiṣẹ́ òru rí níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì kó tó di olùkọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ kọ òfin fún firewall, ohun tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde? Ìdánwò Security+ kì í ṣe ká kàn mú A tàbí B nìkan. Àwọn ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí wọn yóò gbé àwòrán nẹ́tíwọ̀kì kalẹ̀ pé kí ẹ fọwọ́ ara yín tò ó bó ṣe yẹ. Ìbéèrè lè tó 90, ìṣẹ́jú 90 náà sì ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ohun tí 443 jẹ́, aago ti sá fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ìwé náà síwájú, kí ẹ wo èèpo rẹ̀. SY0-601, nọ́ńbà ẹ̀dà ìdánwò Security+ ti tẹ́lẹ̀, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín ló fún yín, kì í ṣe àwa. CompTIA gbé ẹ̀dà tó rọ́pò rẹ̀, SY0-701, jáde lọ́jọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n sì ti 601 pa lọ́jọ́ 31 oṣù keje ọdún 2024. Òótọ́ ni pé 601 ṣì wà láyé nígbà tí ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ sì fi èyí gún wa lójú dáadáa. Ṣùgbọ́n kíláàsì yín kò ní í parí kí wọ́n tó tì í pa. Ṣé kí a kọ́ yín ní ìdánwò tí ẹ kò ní í rí jókòó fún ni? Tíṣà sọ ọ́ ní kíláàsì àkọ́kọ́, ó tún kọ ọ́ sára pátákó. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti orúkọ lásán. Nínú 601, ẹ̀ka tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ààbò ojoojúmọ́, bíi kíka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ àti ohun tí a ó ṣe bí wọ́n bá kọ lu wá, jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 701, ó di 28, òun ló sì tóbi jù níbẹ̀. Ẹ̀ka yìí kan náà ni ìwé orúkọ fi hàn pé ẹ kò sí ní kíláàsì nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ ní ẹ ń kà á nílé. Nínú ìwé wo?

731 tí ẹ gbà, ẹ ní bíi 73 nínú ọgọ́rùn-ún ni, “níbo ni wọ́n ti ń fi ìyẹn jáni?” Kì í ṣe 73 nínú ọgọ́rùn-ún. Òṣùwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ látorí 100 ó sì parí sí 900, 750 sì ni ẹni tó yege gbọ́dọ̀ dé. Ẹ sún mọ́ ọn, a kò sẹ́ ẹ.

Wàyí o, ìbéèrè tí ẹ ní a fi pamọ́. Ohun tí ẹ bẹ tíṣà fún lẹ́yìn kíláàsì ni ìbéèrè àti ìdáhùn tí àwọn kan jí kó jáde látinú ìdánwò gidi. A kò ní in, bí a bá sì ní in, a kò ní í fún yín. Gbogbo ẹni tó ń ṣe ìdánwò yìí ló ń fọwọ́ sí i pé òun kò ní í lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ èèyàn, CompTIA lè gba ìwé ẹ̀rí padà, kí wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé ẹ̀kọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ ó yege dandan, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe é. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìdánwò tí wọ́n ń kọ́, kí ẹ lọ wò ó fúnra yín lórí ìkànnì ẹni tó ni ín bóyá ó ṣì wà. Mo ṣì ń rí àwọn tó ń polówó MCSE, ìwé ẹ̀rí Microsoft kan. Microsoft ti pa á tì láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2021! Kí ni wọ́n wá fẹ́ kọ́ èèyàn níbẹ̀?

Ní ti iṣẹ́, ẹ fi ibi tí a ti ṣèlérí rẹ̀ hàn wá. A bá yín tún ìwé ìtàn iṣẹ́ yín kọ, a sì ní kí ẹ gba iṣẹ́ ìrànwọ́ kọ̀ǹpútà ná bí ẹ bá rí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ẹ ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń pè pé ìtẹ̀wé ò ṣiṣẹ́ lọ. Ìpinnu yín nìyẹn.

Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ ká ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ a ó ṣe é. Ẹ padà wá jókòó nínú kíláàsì tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì onínọ́ńbà náà wà nínú rẹ̀. Tíṣà kan náà ni. A ó fún yín ní ìwé 701, ẹ kò ní í san kọ́bọ̀. Voucher ìdánwò, ìyẹn ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń jókòó ṣe é, nìkan ni ẹ ó fọwọ́ ara yín rà, torí CompTIA ń gba owó lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá jókòó. Wọn kò ní kí ẹ dúró kí ẹ tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta ni wọ́n ń sọ pé kéèyàn dúró fún ọjọ́ 14, a kò sì gbàdúrà kó débẹ̀.

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni kíláàsì, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mẹ́fà o, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe méje ku ogún ìṣẹ́jú.

Olùdarí ilé ẹ̀kọ́