Kò Sí Ẹ̀rí Pé Ìyà Tí Ìyá Àgbà Jẹ Ń Bọ́ Sínú DNA Ọmọ-Ọmọ

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ báyìí: wọ́n ní ebi àti ìbẹ̀rù tí ìyá àgbà rí nígbà ogun ti fi àmì sí DNA rẹ̀, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tí àbùdá òbí ń gbà dé ara ọmọ; àmì náà ló sì ń da ọmọ-ọmọ láàmú lónìí. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn tó ti gbà pé ìpayà tó ń ṣe wọ́n ti wà lára wọn kí wọ́n tó dáyé, pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Lára ènìyàn, kò tíì sí ẹ̀rí tó dúró fún ọ̀rọ̀ yìí.

Àmì wà lóòótọ́. Kẹ́míkà kékeré kan, methyl, máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, á sì pa jíìnì, ìyẹn apá DNA tó ń darí iṣẹ́ kan nínú ara, lẹ́nu mọ́ láìyí jíìnì náà padà. Ṣùgbọ́n lára ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ̀ẹ̀mejì ni ara ń nu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò: nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tí yóò di àtọ̀ tàbí ẹyin ń dàgbà, àti láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin. Ìwọ̀nba ló ń yè é. Eku agouti, tí àwọ̀ irun ìyá máa ń hàn lára ọmọ, wà lára ìwọ̀nba náà. Òun sì ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, bí ẹni pé gbogbo jíìnì ló ń ṣe bíi tirẹ̀.

Ẹ wo ìyàn tó mú ní Hólándì láti ìparí 1944 wọ 1945. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún wọn lásìkò yẹn, nǹkan bí ọdún 60 lẹ́yìn náà, àmì methyl ara jíìnì wọn kan tó ń bójú tó ìdàgbà, IGF2, kò tó ti àwọn ọmọ ìyá wọn tí ìyàn náà kò bá nínú oyún. Ìyẹn kì í ṣe ogún. Àwọn gan-an ni ebi náà bá nínú ikùn ìyá wọn. Tí ọmọ inú bá sì jẹ́ obìnrin, sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ẹyin rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ebi kan ṣoṣo tó pa aláboyún ti kan òun, ọmọ rẹ̀, àti sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ti wá. Ó di ìran tó tẹ̀ lé ìyẹn ká tó lè pe ohunkóhun ní ogún.

Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń gbé kiri ni ti Rachel Yehuda àti ẹgbẹ́ rẹ̀, 2016, lórí àwọn Júù tó yè bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa Nazi. Ẹni 32 tó yè bọ́, ọmọ 22. Kò sí ọmọ-ọmọ kankan níbẹ̀. Lórí jíìnì FKBP5, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó ìpayà, àmì ara àwọn tó yè bọ́ pọ̀ ju ti àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé lọ, ti àwọn ọmọ sì kéré. Àmì tí ọmọ gbà lára òbí kò yẹ kó dorí kodò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì yẹ̀ wò, kì í ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin.

Ìpọ́njú òbí ń kan ọmọ, mi ò jiyàn. Ọ̀nà tó ń gbà ni mò ń sọ. Ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, wọ́n kó ọmọ eku tuntun kúrò lọ́dọ̀ ìyá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ lá ọmọ, wọ́n gbé wọn fún ìyá tó ń lá ọmọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dàgbà, àmì ara jíìnì tó ń bójú tó ìpayà nínú ọpọlọ wọn bá ti ẹni tó tọ́ wọn mu, kì í ṣe ti ẹni tó bí wọn.